Ìkúnlẹ̀ Màmá Àgbà

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìyá ìyá mi kúnlẹ̀ láì di àga mú, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Òun ni Ìyá Àdúrà ìjọ Aládùúrà wa ní Chadwell Heath nílùú òyìnbó níbí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jókòó gbàdúrà. Wòlíì Gbádégẹṣin ní iṣẹ́ ìyanu ni. Èmi nìkan ni ẹ̀rù bà.

Mo mọ ohun tó mú oríkèé rẹ̀ gan tẹ́lẹ̀. Ṣáájú Kérésì ni wọ́n gé kókó jẹjẹrẹ kékeré kan kúrò ní ọyàn rẹ̀. Dókítà ní, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ àti nítorí pé kókó náà kò tíì ràn, ó lè fo ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n fi ń pa ìyókù jẹjẹrẹ nínú ọyàn, bí ó bá ṣáà ti lè máa lo hóró oògùn kan lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, láti dín họ́mọ̀nù, èròjà inú ara tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ń jẹ, kù. Oògùn náà lè mú oríkèé gan. Màmá Àgbà yan oògùn. Oríkèé rẹ̀ gan lóòótọ́. Wàyí o, ó ti rọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sílé ní Goresbrook, mo bi í léèrè.

"Màmá, ìgbà wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn?"

"Jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná."

"Ẹ ti jókòó, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣọpẹ́, iṣẹ́ lọ́yà ló yẹ kí o kà ní yunifásítì, kì í ṣe kẹ́mísírì."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí fèrèsé. "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìyá Àdúrà tí kò lè kúnlẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Ojú Beatrice tó fẹ́ gba ipò mi kò kúrò lára àga mi mọ́."

Ó ṣèlérí pé òun yóò sọ fún nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kejì, Eden, nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, pè láti béèrè ìlera rẹ̀. Màmá Àgbà gbé fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè gbọ́.

"Ṣé oògùn yẹn ń bá yín lára mu, mà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Kò sí ìrora kankan?"

"Rárá o. Ògo ni fún Olúwa."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Màá tún pè yín lọ́dún tó ń bọ̀."

Nínú ìjọ wa, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ ara wa. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ikú gan-an yóò ní òun dúpẹ́. Eden gba ọpẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì lọ́gbọọgba: sí ẹni tó ń fi ìkánjú béèrè ọ̀rọ̀ ikú òun ìyè lórí fóònù, àti sí ẹni tó ń fi ìwà rere pa ara rẹ̀.

"Ẹ dúró, nọ́ọ̀sì," mo ní. Mo yí sí Yorùbá, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Màmá, ẹ fo ìtànṣán nítorí oògùn. Ẹ tún ti fo oògùn. Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ; kì í ṣe ẹ̀rí ló ń gbà lẹ́nu yín. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa sẹ́. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò lo oògùn yẹn mọ́. Láti ìgbà Lẹ́ńtì ni. Kò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀."

A gbọ́ tí Eden ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó ní oògùn mìíràn wà tó lè má ni í lára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì tún lè gbé ọ̀rọ̀ ìtànṣán yẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà ti pẹ́. Kí ó wá rí dókítà lọ́jọ́bọ̀.

"Ṣé kò tíì pẹ́ jù?" mo béèrè.

"Dókítà ni yóò sọ."

Lẹ́yìn tí fóònù kú, Màmá Àgbà ṣì ń wò ó.

"Bí kókó yẹn bá máa padà," ó ní, "ibo ló máa kọ́kọ́ padà sí?"

Ó ń retí kí n ní kò ní padà lórúkọ Jésù.

"Nínú ọyàn kan náà, mà," mo ní. "Ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà sí."