Orí Rọ́bà Mẹ́rin fún Akẹ́kọ̀ọ́ Méjìlá

Ní ọdún 1985, àwa méjìlá la wà nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú eyín ní Ouagadougou, nínú ilé kékeré kan tó fara ti ilé ìwòsàn. Èmi, Ìdíátù, nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Láwàl. Kumasi ló ti kọ́kọ́ ń ṣòwò, kí ìjọba Ghana tó lé àwọn àlejò ní 1969. Bó ṣe kó wa wá sí àdúgbò Gounghin ní Ouagadougou nìyẹn, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara moto, bí wọ́n ṣe ń pe alùpùpù níbẹ̀, tó tún ń fúnra rẹ̀ tún moto ṣe. Inú òórùn epo àti irin ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹnu èèyàn ni mo fẹ́ máa tún ṣe ní tèmi, ó wò mí títí, ó ní, "D'accord, mo gbà. Ṣùgbọ́n kọ́ ọ dójú àmì."

Dókítà Agathe ló ń kọ́ wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò ga, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Bíi gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun nílẹ̀ Burkina, faso dan fani, ló máa ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀. Moto pupa kan báyìí ló ń gùn wá síbi iṣẹ́. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, inú ìwé ló ti ń kọ́ wa, nítorí kò sí nǹkan kan tí a lè fi dánra wò. A mọ orúkọ gbogbo eyín lórí, àmọ́ ọwọ́ wa ò mọ ọ̀kankan.

Nígbà tó yá, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí a ra ohun èlò. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ní kó lọ yàn án: Dókítà Agathe, Kamaráàdì Noufou, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìyípadà tí ìjọba gbé kalẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní èmi ni kí n lọ, wọ́n ní ọmọ ẹni tó mọ irin ni mí.

Ọkùnrin tó ń ta nǹkan wọ̀nyí Abidjan ló ti wá. Ó gba yàrá ńlá kan ní àdúgbò Zone du Bois, ó sì to ọjà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kedere. Bí a ṣe wọlé ni ojú wa bọ́ sára ohun kan láàárín yàrá: àga ńlá kan, tí orí irin dídán wà lókè rẹ̀, tí ẹnu orí náà là sílẹ̀ gbayawu, tí eyín inú rẹ̀ funfun báláú. Iná wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín náà wà lára rẹ̀, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, á máa kùn yùn-ùn.

"Èyí gan-an ni!" ni Noufou wí. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ mọ́ pé ẹ̀yìn la wà."

Ọkùnrin náà ní kí n jókòó dán an wò. Mo tẹ ẹ̀rọ mọ́ eyín kan, ihò tí mo gbẹ́ sí i rí rogodo, ó mọ́ tónítóní. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Ká ní èmi nìkan ni wọ́n ní kó yàn, à bá ti dì í lọ lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà Agathe fọwọ́ pa orí irin náà. "Ó dára gan-an," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó wá bá wa gbé nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan." Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí igun yàrá. Orí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú, tó ní ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ ìgbẹ́yín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀rọ télọ̀. "Àwọn yẹn ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Madame, ti àtijọ́ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó kó o mọ́ ẹrù mi."

"Ẹ bá mi kó o mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa ṣiṣẹ́ lórí orí irin, gbogbo wa ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà gbé ìgò kan wá. Eyín tòótọ́ ló kún inú rẹ̀, eyín tó ti yọ lẹ́nu àwọn aláìsàn láti ọdún mélòó kan, tó ti sè, tó sì tọ́jú. Ó ti ri díẹ̀ nínú wọn mọ́ inú pílásítà funfun. Ó pè mí síwájú. Mo tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe ní Zone du Bois, ẹ̀rọ yọ̀ lórí rẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó le koránkorán. Mo wá fi agbára sí i. Láìrò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ dé ibi tó ti jẹrà, ó rì wọlé, eyín náà sì là sí méjì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Dókítà kò bá mi wí. Ó ṣa eyín náà sọ́wọ́, ó fi han gbogbo kíláàsì. "Èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kò le ju ọṣẹ lọ," ló wí, "kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí nǹkan jẹ rí. Ìdíátù, jókòó, mú òmíràn."

Lọ́jọ́rú ló ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ó bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ kọ́, ó gun orí tábìlì, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó na dígí kékeré kan sí wa. "Eyín mi tó gbẹ̀yìn pátápátá, lókè, lápá òsì. Kí ẹ̀yin méjèèjìlá wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Èmi ni mo ṣe ìkẹta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pa mọ́ ìka mi. Ahọ́n rẹ̀ ń ti dígí sẹ́yìn, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀, ahọ́n ló ń ṣe tirẹ̀. Itọ́ ń sun, èémí rẹ̀ sì bo dígí, mi ò rí nǹkan kan. Ẹnu orí irin kò ní ahọ́n, kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì là ju bí ẹnu alààyè kankan ṣe lè là lọ. Nígbà tó kan Albertine, tó máa ń kánjú, etí dígí gún Dókítà ní erìgì, ẹ̀jẹ̀ yọ. Albertine bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà gbé ìka kan sókè, ó nu ẹnu rẹ̀, ó tún un là, ó sì fa ọwọ́ Albertine padà sínú rẹ̀.

Ìgbà tí ẹnì kejìlá ṣe tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dókítà ti rẹ̀ débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ sára pátákó: "Orí wo nínú méjèèjì ló jọ mi?"

Gbogbo wa nawọ́ sí orí rọ́bà.

Kamaráàdì Noufou ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò bá wa jiyàn lórí orí náà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ yìí ńkọ́, Kamaráàdì Dókítà?" ló bi í lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ohùn Dókítà ti padà. "Ohun tuntun la ń wá."

"Ṣé orúkọ àwọn abúlé tí wọ́n máa pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí sí wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wà lápò rẹ̀. Dókítà ní kó kà á síta, kó sì máa sọ èyí tó ní iná mànàmáná. Noufou ka méjèèjìlá. Ó tún un kà láti òkè, bí ẹni pé ó fo ọ̀kan. Ẹyọ kan péré ló ní iná. Ó pa ìwé náà pọ̀, ó ṣí fìlà, ó lọ jókòó nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń yí dáadáa.

"Tuntun náà ni," ni Dókítà sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ní ibi mọ́kànlá yẹn, kò tíì sí ẹni tó dí ihò eyín fún ẹnikẹ́ni rí."

Ó kù síbì kan. Irin tí wọ́n fi ń de orí rọ́bà mọ́ tábìlì kò bá tábìlì wa mu. Orí náà ń mì, kò sì ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn. Dókítà bi mí pé, "Kí ni bàbá rẹ lè ṣe sí èyí?" Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a gbé orí sẹ́yìn moto rẹ̀, mo gbá a mọ́ra, ó di Gounghin. Gbogbo ẹni tó rí wa lọ́nà ló yà láti wò wá.

Bàbá mi yí orí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi èdè Mooré bi Dókítà pé, "Ẹni tó ń tọ́jú eyín, ṣé ó ń jókòó ni, àbí ó ń dúró?"

"Títí di òní, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè yẹn lára àwọn tó ń tajà," ni Dókítà wí. "Ó ń jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gún."

Bàbá mi ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi okùn wọn ìgúnpá rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó wá gé irin iwájú moto àtijọ́ kan, ó jó o mọ́ ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, orí sì lè lọ sókè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó yí sápá kan. Dókítà dán an wò, ó ní ó ga jù. Bàbá tún un ṣe. Ó ní kò yí tó. Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàbá mi, tí oníbàárà kan kò gbọdọ̀ sọ fún pé kó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò bínú rárá. Nígbà tí Dókítà lọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìdíátù, obìnrin yẹn mọ ohun tó ń wá. Má fi í sílẹ̀ títí wàá fi mọ̀ ọ́n bíi tirẹ̀."

Orí rọ́bà mẹ́rin la rà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọkùnrin Abidjan fúnra rẹ̀ ló wá gbé orí irin rẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan, ó ń wò wá, kí ó sì tó lọ, ó ní kí Dókítà ka àwọn ìbéèrè tó fi yan ohun èlò náà sí òun létí, òun fẹ́ kọ wọ́n sílẹ̀. Dókítà kà wọ́n fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

Ẹni mẹ́ta sí orí kan, a fi odindi oṣù mẹ́jọ ṣe é. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń fi eyín tí wọ́n bá yọ ránṣẹ́ sí wa. Mo ba púpọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, mi ò bà wọ́n jẹ́ mọ́.

Alààyè àkọ́kọ́ tó jókòó síwájú mi ni ìyá kan tó ń jẹ́ Mariama, tó ń fọ́ òkúta ní àdúgbò Pissy. Eyín rẹ̀ kan lápá ọ̀tún ti lu, ó ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá. Ìka rẹ̀ le bí òkúta tó ń fọ́, ó sì fi wọ́n di apá àga mú. Mo gbé ìka mi lé eyín tó tẹ̀ lé e, mo fi dígí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti le, mo ní sùúrù. Bí mo ṣe gbọ́ tí ìró rẹ̀ yí padà, mo gbé ọwọ́ fúyẹ́. Mo fọ ihò náà, mo dí i, mo ní kó pa ẹnu dé.

Ìyá Mariama fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tún un tọ́ wò. "Barka," ló fi Mooré dúpẹ́. "Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?"

"Ó ti parí, Ìyá."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí agogo mẹ́jọ tó lù, mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin nínú ọgbà. Ìyá Mariama ló wà níwájú, ó kó obìnrin mẹ́fà lẹ́yìn láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku ṣì wà lára aṣọ wọn, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó. Dókítà Agathe wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì ní kí n lọ gbé bẹ́ǹṣì kejì síta.