Ọbẹ̀ Tútù Bàbá Mi

Alásè ni bàbá mi, ahọ́n rẹ̀ ò sì mọ adùn mọ́. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀ títí a fi rò pé ó ti parí. Nígbà tó dìde, ara yá, ẹsẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ibà yẹn ti gbé ẹnu rẹ̀ lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ oyún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu mílíìkì tó ti kan, ó mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi. Màmá mi wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo wa wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí a bá ń jẹun, a ó ní, "Ẹ ò rí bó ṣe dùn tó!" Òun náà á ní ó dùn.

Ìyáàfin tó ni ilé oúnjẹ tó ti ń sè, níbi tí èmi náà ti ń gbé abọ́ fún àwọn oníbàárà, ti fura. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Sọ fún bàbá ẹ pé ooru ti dé," ó ní. "Àwọn èèyàn ti ń béèrè ọbẹ̀ tútù ẹ̀, èyí tí kì í kan iná. Ilé yín ni mo ti máa wá tọ́ ọ wò, kó má bàa jẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Bó bá rí bó ṣe máa ń rí, ààrò ń dúró dè é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń wáṣẹ́."

Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ò lè máa fi àánú tà á.

Nígbà tí mo jíṣẹ́, bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. "Ọbẹ̀ tútù lásánlàsàn! Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò dúró de ẹnu."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyáàfin máa wá, ó lé gbogbo èèyàn kúrò ní ìdáná àfi èmi. Nílé wa, màmá mi ló ń dáná; ilé oúnjẹ ni bàbá mi ti ń se tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ ìṣe rẹ̀. Ó da omi gbígbóná sórí tòmátì, ó bó èèpo rẹ̀. Ó la kùkúḿbà, ó fi ṣíbí ha hóró inú rẹ̀ jáde. Ó gé bàrà olómi pupa, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tín-ín-rín. Ó lọ gbogbo rẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó kán òróró lé e. Lẹ́yìn náà ló fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

"Òtútù máa ń gbé iyọ̀ mì," ó ní. "Ìlàjì nìyí. Ìyókù dìgbà tó bá tutù tán."

Bó ṣe ń ṣe é látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tó gbé e sínú fíríìjì tó lọ sinmi ní pálọ̀, mo yọ́ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kó tó, bó sì ṣe yẹ kó kù náà ló ṣe kù. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀! Mo bọ́ síta, mo lọ mú ìyáàfin wá.

Nígbà tí a dé, bàbá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó funfun báláú. Ó gbé ọbẹ̀ jáde, ó bu iyọ̀ tó kù, ó rò ó, ó bù ú sínú àwo díńgí, ó wọ́n kùkúḿbà wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó dára lójú. Ìyáàfin bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì, ó sì nawọ́ sí omi.

Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó láti fi tọ́jú ẹja fún odidi oṣù kan.

Mo já wọ ìdáná. Màmá mi àti ìyá bàbá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, dúró síbẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí sí pálọ̀.

"Ta ló fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni," màmá mi ní. "Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ò tó. Mo ní kójú má bàa ti bàbá ẹ."

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. "Ìyàwó mi, o fi sí i? Yéè! Èmi náà fi sí i, nígbà tó o lọ sá aṣọ!"

Inú bí mi. Àwọn méjèèjì yìí, tí ọ̀kan ò lè rí ìkòkò kó má ṣí i, tí èkejì ò lè rí èyí tó ṣí kó má fi nǹkan kún un! Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pariwo mọ́? Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìfẹ́ pàápàá ò yọ sílẹ̀. Bí a bá sì jẹ́wọ́ fún ìyáàfin, a ní láti sọ lójú bàbá mi pé a ti mọ̀.

A padà sí pálọ̀. Bàbá mi ti fa àwo ìyáàfin sọ́dọ̀. Ó mu ṣíbí kan, ó mu òmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mo rí i lójú yín. Ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù ni, àbí kò tó?"

Omijé dà lójú mi. Màmá mi ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó pọ̀ jù, bàbá ọmọ mi. Àwa la fi kún un. Tiyín dára."

"Tèmi dára?"

"Ó dára gan-an."

Ìyáàfin ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Mo lè dúró."

Bàbá mi mi orí. "Ẹ ṣeun. Wọ́n ní ó dára, mo gbà wọ́n gbọ́. Ká ní wọ́n ní kò dára ni, ǹ bá gbà wọ́n gbọ́ bákan náà, torí ẹnu tèmi ò lè sọ fún mi mọ́. Ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín."