Ọwọ́ Ìyábùnmi Kò Dúró De Ẹ̀rọ

Orin náà kò tíì dé ẹsẹ kejì tí Ìyábùnmi fi mọ̀ pé ọwọ́ òun kọ́ ló ń ta jìtá yẹn. Orin rẹ̀ ni o. Òun ló dá a sílẹ̀ lọ́dún tí wọ́n kó ẹgbẹ́ olórin Ẹsẹ̀-Yá jọ ní Adja-Ouèrè, òun náà ló sì ń ta jìtá olókùn mẹ́rin sí i, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń dún kìjikìji nísàlẹ̀ orin. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde nínú ẹ̀rọ Rodrigue yìí ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ẹni tó hun aṣọ kì í ṣi aṣọ rẹ̀ mọ̀.

Ó wo Rogatien, akọrin wọn. Rogatien ń wo bàtà funfun tó wọ̀. Ó wo Gildas, tó ń ta jìtá kejì. Gildas ń nu awò ojú tí kò dọ̀tí. Ìgbà náà ló yé e pé gbogbo wọn ti mọ̀, òun nìkan ni wọn kò sọ fún. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná.

“Ta ló ta jìtá yìí?” ó béèrè.

Rodrigue fọwọ́ họ orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, òun ló ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ti Cotonou kó ẹ̀rọ wá sí Ikpinlè, ó fi mùtímùtì bo ògiri yàrá ìkàwé kan tí wọ́n yá wọn, ó ní stúdíò dé.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọmọkùnrin kan ní Cotonou ni, Dára lorúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ń ta tiyín, ọwọ́ yín máa ń sáré. Ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó bá fi di ẹsẹ kẹta, ẹ ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ. Mo tún un ṣe títí, kò ṣe é tún ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló máa wà lára àwo orin náà. Fọ́tò yín náà, níwájú gbangba.”

“Ojú mi, ọwọ́ ọlọ́wọ́,” Ìyábùnmi wí. “O ṣeun, ọmọ mi.”

Kí a má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ẹni tí ebi òkìkí ń pa. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀-Yá tú ká, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà sì gba kálukú. Ohùn Rogatien gbé e dé Abidjan, ó gbé e dé Paris. Jìtá Gildas wọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ lọ. Láti Pobè títí dé Porto-Novo, kò sí páríṣì kan tí wọn kì í ti kọ orin tó ṣe. Ìyábùnmi fúnra rẹ̀ kó obìnrin méje jọ, ó ṣe àwo mẹ́ta, ó kọrin ní Ouagadougou àti ní Dakar, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà ayé Ẹsẹ̀-Yá ń fi orin rẹ̀ ṣèyàwó. Fábíyì onílù nìkan ló jókòó sí Massè, tó ń ro ẹ̀gẹ́, tó ń lu ìlù fún ẹni tó bá pè é. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Fábíyì kú. Níbi sàréè rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù ti pàdé, ojú sì tì wọ́n pé àwọn kò wá kí i nígbà tó wà láàyè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò tún ṣe àwo kan papọ̀, orin fọ́ǹkì tiwọn gan-an, bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àyè Fábíyì ni Rodrigue wá fi ẹ̀rọ dí, èyí tó ń kọ kọ́-kọ́-kọ́ sí wọn létí.

Ọwọ́ Ìyábùnmi ń sáré lóòótọ́, kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé àṣìṣe ni?

Létí kòtò epo tó wà nínú agbo ilé Fábíyì ní Massè ni ẹgbẹ́ wọn ti kọ́ bí orin ṣe ń sáré. Kòtò ńlá ni, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin á da ẹyìn sísè sínú rẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á wọlé, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orin. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹyìn ṣì wúwo. Bí ẹran ara rẹ̀ bá ti ń bọ́, ẹsẹ̀ á máa yá. Nígbà tí epo bá fẹ́ yọ sójú omi, eré ni wọ́n ń sá lójú kan. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, a kì í dá orin dúró kí epo tó yọ. Èkejì, ẹni tó bá dúró lásán létí kòtò nígbà tí orin ń lọ, kó bọ́ bàtà kó wọlé. Wọ́n ti fa katikísì kan wọ ibẹ̀ rí, tòun ti ṣòkòtò Ìsinmi rẹ̀.

“Ìyábùnmi,” Rogatien sọ níkẹyìn, “ayé ti yí. Ẹ̀rọ ló ń darí orin báyìí. Àgbà ti dé sí wa. Jẹ́ kí ọmọ yìí bá wa tún un ṣe.”

“Tún kí ni ṣe? Ó yẹ kí o sọ ọ́ lójú mi, Rogatien! Nígbà tí ohùn rẹ ya lánàá, ṣé a ránṣẹ́ sí Cotonou pé kí wọ́n fi tẹlòmíràn ránṣẹ́?” Ó dìde. “Bí ọwọ́ mi kò bá sí níbẹ̀, ojú mi kò ní sí níbẹ̀. Orin mi náà kò ní sí níbẹ̀. Ẹ lọ wá tiyín.”

Ó ní kí Rodrigue fi orin náà sínú fóònù òun. Ó gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó fi àpótí ohùn kékeré tó ń lo bátìrì sáàárín ẹsẹ̀, ó sì gun alùpùpù zémíjàn kan, ó di Massè.

Ó bá Málọmọ́, ẹ̀gbọ́n Fábíyì obìnrin, lórí àpótí létí kòtò, àwọn ìyàwó ilé méjì wà nínú kòtò náà. Ìyábùnmi kúnlẹ̀ kí i, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà. Málọmọ́ nawọ́ sí kòtò.

“A ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹyìn sí i ni,” ó wí. “Fi tiwọn sí i ká gbọ́.”

Ìyábùnmi gbé fóònù sínú garawa òfìfo kan kó lè ké dáadáa. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó kọ́kọ́ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyìn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn fẹ́ yá, orin kò yá. Èkíní kọlu èkejì. “Ta ló dì wá níbàdí mú?” èkejì kígbe. Ibi tí wọ́n ti ń bá a fà á ni orin ti parí, ó dákẹ́ wẹ́lo. Omi ṣì jẹ́ omi pupa lásán.

Málọmọ́ wo garawa náà bí ẹni wo olè. “Ó ti parí? Epo kò tíì yọ! Ó wá fi èèyàn sílẹ̀ sínú kòtò? Irú orin wo nìyẹn?”

Ìyábùnmi ti ń so okùn jìtá mọ́ àpótí ohùn nígbà tí mọ́tò Rodrigue dé. Òun, Rogatien àti Gildas sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu wọn.  Ìyábùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìtá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹyìn ṣe wúwo tó. Àwọn obìnrin náà gbà á:

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má wẹ̀yìn,
epo ń bẹ nísàlẹ̀ tó ń wá ojú ọ̀run.”

Málọmọ́ wo bàtà funfun. “Rogatien, orin ti bẹ̀rẹ̀ o.”

Gildas mọ òfin. Kíá ló fa jìtá tirẹ̀ yọ nínú mọ́tò, ó jókòó ti Ìyábùnmi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun dúró lásán. Rodrigue náà sáré lọ gbé ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀. “Èmi náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́!” ó ń pariwo. Ó ku ọ̀gbẹ́ni Paris. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo kòtò, ó mí kanlẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọlé, ó sì la ẹnu.

Orin ọ̀hún yá. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń kọ kọ́-kọ́-kọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ń lù ú nínú omi, ìró náà sì jọ ti ẹsẹ̀ Fábíyì lórí ìlù ńlá débi pé omi bọ́ lójú Ìyábùnmi. Kò nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, ó sì jẹ́ kó sáré. Ìka ń ro ó, èékánná kan ya, kò bìkítà. Rogatien ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì, kò sì dákẹ́, ó ṣáà ń sá eré lójú kan bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó pẹ́ tí ohùn rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ó ti yọ!” Málọmọ́ kígbe. Epo ti bo ojú omi, ó pọ́n, ó ń hó. Gbogbo wọn dá orin dúró lẹ́ẹ̀kan náà, Rogatien sì bú sí ikọ́.

Rodrigue wo ẹ̀rọ rẹ̀. “Màmá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Rédíò kò ní gbà á.”

“Kí wọ́n má gbà á.”

“Ó kéré tán, kí n gé ìparí, ibi tí Ìyá ti ń kígbe, tí Bàbá ń wúkọ́.”

Kí Ìyábùnmi tó dáhùn, Rogatien sọ̀rọ̀ láti inú kòtò, epo pupa dé orúnkún rẹ̀.

“Má gé nǹkan kan níbẹ̀. Kó o sì pe ọmọ Cotonou yẹn, sọ fún un pé a dúpẹ́, a ti rí ẹni tó ni orin.” Ó yíjú sí Ìyábùnmi. “Mo ṣẹ̀ ọ́.”

“O ṣẹ̀ mí,” ni Ìyábùnmi wí. “Fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o jáde.”

Orin náà ló ṣíwájú nínú àwo, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, pẹ̀lú ikọ́ àti igbe. Gildas ló ya fọ́tò iwájú àwo náà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó kó ẹrù. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì àgbà obìnrin kan ni, lórí okùn mẹ́rin, èékánná kan ti ya.