Ẹṣin Inú Tẹlifíṣàn

"Ẹṣin dà? Mákindé, mo ní ẹṣin dà?"

Ohùn Jẹ́ẹ́dé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Gbogbo èrò tó kún iwájú àtíbàbà àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ló na ọrùn wò. Lójú tẹlifíṣàn tí Mákindé gbé ti Èkó wá, igi funfun méjì ló dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kinní kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ ń ta kiri láàárín wọn. Ó tán.

"Ẹ ṣe sùúrù, bọ̀ọ̀dá," ni Mákindé wí. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta géèmù, eré tí wọ́n ń ta lójú tẹlifíṣàn, ni, ó wọ kóòtù nínú ooru. "Ẹ yí kinní ọwọ́ yín yẹn, igi á gbá kinní kékeré yẹn padà."

"Ṣé igi ni mo ní kí ẹ gbé wá? Igi wọ́n wa ní Ìsẹ́yìn ni?"

Àsíátù ìyàwó Sàlàkọ́ pariwo láti ẹ̀yìn: "Jẹ́ẹ́dé, tún un wò dáadáa. Bóyá ẹṣin náà ló rù tó báyẹn!"

Ẹ̀rín ràn bí iná ọyẹ́. Jẹ́ẹ́dé kò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1979 tí mọ́tò ilé-iṣẹ́ náà ń pariwo yí ọjà ká, òun ló kọ́kọ́ gba àwòrán géèmù náà tí wọ́n ń pín. Ẹṣin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwọn tó gùn wọ́n wé láwàní bí ẹni ń lọ yídì. Wọ́n ní ẹni tó bá fún àwọn láyè tí àwọn yóò gbé e sí ni yóò jẹ́ ọ̀gá géèmù ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ọdún méjì ló fi retí wọn. Lánàá tí Mákindé ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, Jẹ́ẹ́dé mú ọ̀bẹ, ó gé aṣọ ìgbéyàwó tó ń hun fún ìyàwó kan láàbọ̀ lórí òfì rẹ̀, kí àyè lè gba tẹlifíṣàn.

Èèwọ̀ ni, ó sì mọ̀. Nínú àtíbàbà yẹn, bí ahunṣọ bá kú pàápàá, ẹlòmíràn ni yóò jókòó parí aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá gé e láàbọ̀, wọ́n á gé òpó òfì tirẹ̀ náà, kò ní hunṣọ níbẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀gá géèmù fẹ́ fi òpó ṣe?

"Kí n má purọ́ fún yín," Mákindé nu òógùn, "àwọn tó ṣe é kò tíì parí rẹ̀. Ẹṣin máa wà nínú èyí tó ń bọ̀."

"Ẹ ò parí rẹ̀, ẹ wá gbé e jáde?"

"Bí ilé-iṣẹ́ ṣe wí nìyẹn. Ẹni tó ya àwòrán yẹn gan-an ò rí géèmù náà rí."

Jẹ́ẹ́dé sún mọ́ ọn. "Ipò ọ̀gá mi ńkọ́?"

"Wọ́n ṣèlérí ẹ̀ fún ẹnì kan ní Ṣakí, wọ́n ṣèlérí ẹ̀ ní Kìṣí."

"Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ ò ní ìtìjú! Gbé pósí ẹ kúrò níwájú mi, òfì mi ni mo ń padà sí!"

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Jẹ́ẹ́dé rò pé ọ̀rọ̀ òun ló bà wọ́n lẹ́rù, àfi bó ṣe yíjú padà. Bàbá rẹ̀, Ládòkun, ló dúró. Ògbóòró ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ fọwọ́ sọ̀yà fún àwọn òbí ìyàwó pé aṣọ wọn kù díẹ̀. Ààbọ̀ aṣọ náà, tó ṣà nílẹ̀ lẹ́nu àtíbàbà, wà léjìká rẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ta ló gé e?"

"Bàbá, wọ́n ní ẹṣin—"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹṣin. Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Ẹ foríjì mí, n ó hun òmíràn, n kò ní sùn—"

Ládòkun kọjá lára rẹ̀. Ó mú àáké tó wà lórí ìtì igi ìdáná, ó wọ abẹ́ àtíbàbà lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣàánú mi, Bàbá!"

Àáké ròkè, ó balẹ̀ gbàgà lára òpó òfì Jẹ́ẹ́dé.