Odì Inú Ṣọ́ọ̀bù

Télọ̀ lèmi àti ọkọ mi, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé, èmi ni mò ń rán. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, àràárọ̀ ló máa ń fi abẹ́rẹ́ tó ń lé ṣúgà wálẹ̀ gún ara rẹ̀ níkùn, kó tó jẹun.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fún un ní ẹlẹ́rìndòdò. Kó tó ṣí i, mo ti já a gbà.

"Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ yìí! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí dopó ni?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi yodì nìyẹn.

Tó bá sì ń yodì, kì í fẹnu kan oúnjẹ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó wo búrẹ́dì àti ẹyin tí mo gbé kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde. Mo ní kò kàn mí, ebi á bá mi bá a wí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo bi í bí apá aṣọ kan ṣe máa gùn tó. Kò dáhùn. Mo tún bi í. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Orí mi gbóná.

"Ẹ máa yodì yín lọ! Tó bá rẹ̀ yín, ẹ ó sọ̀rọ̀."

Mo pòṣé, mo kẹ́yìn sí i.

Ìró sísọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí n yíjú padà. Ó ti gé aṣọ oníbàárà kọjá ìlà ẹfun, láti ọrùn dé ìdí. Ọkọ mi lè bínú títí ilẹ̀ á fi ṣú, kì í gé aṣọ wọ́. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ti lé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sóúnjẹ níkùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé eegun.

Ẹlẹ́rìndòdò tí mo já gbà ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Eyín ni mo fi ṣí i.

"Ẹ mu ún, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún."

Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń dà sí i láyà. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe èyí tó o gbà lọ́wọ́ mi nìyí?"

Mo bú sẹ́kún.

"Ẹ máa bá mi yodì, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa jẹun. Tí ẹ ò bá fẹ́ dá mi lóhùn, ẹ ṣáà pòṣé, kí n mọ̀ pé ìbínú ni."

"Ìwọ náà, má pè mí ní alátọ̀gbẹ lójú oníbàárà mọ́."

"Mo ti gbọ́."

Kò pẹ́ rárá tá a tún fi jà. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò fèsì. Mo dá maṣíìnì dúró, mò ń retí.

Ó pòṣé. Òṣé ọ̀hún gùn gan-an ni.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí, mo sì ń ránṣọ mi lọ.