Àga Kan Ṣoṣo Tó Wà Nídìí Tábìlì Wòfa Asamani

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Wòfa Asamani fi jẹ́ ọ̀gá ètò iṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà báńkì kan ní Àkírà. Wòfa, ìyẹn arákùnrin ìyá ẹni, ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè é. Àga kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì rẹ̀, tirẹ̀ sì ni. Ẹni tó bá wá jíṣẹ́ á dúró gbọnin, á sọ iye tí iṣẹ́ òun dé nínú ọgọ́rùn-ún, Wòfa á sì fi pẹ́ńsù kun ìlà tẹni náà lórí ìwé ètò kan tó gùn tó aṣọ ìbora. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú.

Àfi ìgbà tí báńkì ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò máa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láìsí ọ̀gá lórí wọn. Olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò, ẹni tí yóò máa mú ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kúrò. Wọ́n mú kóòṣì kan wá, Sena Adzraku, pé kó kọ́ Wòfa fún oṣù mẹ́ta. Bó bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ di tirẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Ẹ sáà gbọ́ ná! Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọ́n ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, gbogbo wọn á dúró yí ká níwájú pátákó tí wọ́n lẹ ìwé pélébé-pélébé mọ́. Kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, èyí tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti lanu, ojú Wòfa ló ń wò, Wòfa á sì mi orí: “Ó dáa. Ẹni tó kàn.”

“Wòfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí fèrèsé,” ni Sena wí lọ́jọ́ kan.

“Kí n kẹ̀yìn sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀? Sena, ta ló tọ́ ẹ dàgbà?”

“Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ara wọn ni.”

Ó yí padà. Fún oṣù méjì ó ń wo àwọn tó tò síwájú obìnrin oníwákye, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́wà, lódìkejì títì, ó sì ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ohun tí Sena kò mọ̀ ni pé ìwé ètò gbọọrọ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Wòfa. Láago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí Sena bá ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, Wòfa á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mélòó?”

“Ogójì, Wòfa.”

Á kùn ún. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé òun ò wá? Kò sì kà á sí jìbìtì. Kò kàn lè lọ sílé láìmọ ibi tí iṣẹ́ dé ni.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó kan Akweley, ọmọbìnrin tó dé sẹ́nu iṣẹ́ kẹ́yìn. “Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́…” Ẹnì kan wúkọ́. “Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jíṣẹ́ lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan nídìí tábìlì Wòfa. Wòfa, ẹ forí jì mí.”

Wòfa ka àwọn tó ń dúró de wákye. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun, ó dúró de ìtìjú náà, kò dé. Ó lọ síbi dúrọ́ọ̀, ó ká ìwé náà, ó sì gbé e lé Sena lọ́wọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn.

Ọ̀sán Jímọ̀, Sena wá bá a. “Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá. Mo kọ ọ́ pé ẹ ò lè ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ náà.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ kúkú bú mi, Wòfa.”

“Kí ló dé tí màá fi bú ẹ? Ṣé o ti jẹun?” Wòfa ti wákye tirẹ̀, tí kò tíì fọwọ́ kàn, sí i lórí tábìlì. Sena gbà á, ó lọ.

Aago mẹ́ta lù. Wòfa jókòó, kò pe ẹnikẹ́ni. Akweley ló ṣàdédé yọ, ẹsẹ̀ ló gbé e wá, bó ṣe mọ́ ọn lára.

“Ọgọ́ta, Wòfa.”

Ọwọ́ rẹ̀ wá pẹ́ńsù, kò rí i. Ó wo ojú ọmọ náà. “Ọgọ́ta náà lo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Láyé àtijọ́, “Ìgbà wo ló máa tán?” ni ì bá bi í. Ó ní: “Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?”

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Wòfa dìde. “Jókòó.”

“Hàà! Lórí àga yín?”

“Òun nìkan ló wà. Jókòó jàre.”

Ó jókòó sí etí àga, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti ń bẹ ọ́fíìsì báńkì tó wà nílùú Takoradi pé kí wọ́n fi orúkọ àwọn oníbàárà àtijọ́ ránṣẹ́, wọn ò dá a lóhùn. Ó ń tijú láti sọ ọ́ lágbo àárọ̀, kí wọ́n má bàa ní ọ̀lẹ ni. Wòfa wà lórí ìdúró níbi táwọn ẹlòmíì máa ń dúró sí, ó gbé fóònù, ó pe Takoradi. “Ekuba, èmi ni. Ọmọ mi kan ń bẹ̀ yín láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wọkọ̀ wá ni?” Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, orúkọ ti dé.

Sena wà lẹ́nu ọ̀nà, ewé wákye lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí gbogbo ẹ̀. “Wòfa, ìwé tí mo kọ ti lọ, mi ò lè gbà á padà mọ́.”

“Jẹ́ kó máa lọ.”

Akweley kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó nu ojú, ó dìde. “Ẹ ṣé gan-an, Wòfa. Ṣé kí n wá ní Mọ́ńdè, aago mẹ́ta?”

“Má wá síbí mọ́. Agbo ni kó o ti sọ ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.”

Nígbà tí Wòfa jókòó padà, àga náà ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló wá dùn ún pé iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ó dùn ún wọra. Ó kọjú sí fèrèsé. Wákye ti tán lódìkejì títì, obìnrin náà ń fọ ìkòkò.