Ọmọ Mẹ́ta Nídìí Tábìlì

"Ife mẹ́rin, ọmọ mẹ́ta. Ta ló ni ìkẹrin?"

Ìyá Gbádégẹṣin ló bèèrè bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì tó ti Iléṣà dé sí Festac. Àwòrán ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Gbádégẹṣin ṣe bí ẹni pé rédíò lòun ń gbọ́. Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, kò gbórí sókè.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ mi ni? Òyìnbó wo ló tiẹ̀ ya èyí?"

"Ará Rọ́ṣíà ni, Màámi."

"Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kò mọ ìṣirò."

Ọmọ mẹ́ta ló yí tábìlì ká nínú àwòrán náà, irun wọn pọ́n bí irun àgbàdo. Yàrá onípákó ni, yìnyín bo ojú fèrèsé, ààrò ńlá kan ń jó ní igun. Ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se tíì ń dán láàárín tábìlì, ife mẹ́rin sì yí i ká. Gbádégẹṣin mọ yàrá yẹn. Ó ti mu tíì níbẹ̀ títí, nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Leningrad, tí òun àti Làrísà, ọmọ ayàwòrán náà, ń fẹ́ra.

Làrísà lóyún nígbà tí Gbádégẹṣin ń bọ̀ nílé. Ó ní bí òun bá ti ríṣẹ́, òun á ránṣẹ́ pè é. Iṣẹ́ dé. Ìjọba tún fún un ní fúláàtì ní Festac, lẹ́yìn tí àwọn àlejò àjọ̀dún tí wọ́n torí wọn kọ́ ilé náà ti lọ. Lẹ́tà ń dé láti Rọ́ṣíà. Ó ń sọ pé tó bá dọ̀la òun á fèsì. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún, lẹ́tà kò sì wá mọ́. Ìgbà tó ń múra àtigbé Kíkẹ́lọmọ níyàwó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọláoyè kàwé tán lọ́hùn-ún, tó sì gbé àwòrán náà bọ̀.

"Bàbá Làrísà ní kí n fún ẹ," ni Ọláoyè wí. "Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni kí n jẹ́. Ó ní kò síṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà, Gbádégẹṣin kò sinmi. Ṣé ọmọ òun wà láyé? Bí kò bá sí, kí ni bàbá náà ń fi yàrá yìí hàn án fún? Ó fi awò wo imú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ètè wọn, ó wo ìka wọn, ó wá òjìji wọn lára ìkòkò irin. Òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n. Ife kẹrin yẹn ló máa ń já a láyà jù. Ó lè jẹ́ ti òkú. Ká ní ó fèsì lẹ́tà kan ṣoṣo, kì bá máa wá ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀dà.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ padà, ó sìn ín lọ wọkọ̀ ní Mazamaza láàárọ̀ kùtù.

"Gbádé," ni ìyá náà wí, ó ti gbẹ́sẹ̀ kan sínú ọkọ̀, "o ń wo àwòrán yẹn bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Bó o bá ṣẹ èèyàn, bẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ tó lọ."

"Kò sí nǹkan kan, Màámi," ló sọ. Ọkọ̀ ṣí.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó gbọ́ ohùn Kíkẹ́lọmọ.

"Adúmáadán, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó rò pé ọmọ aládùúgbò ló wọlé. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bá, ó tẹ orúnkún níwájú àwòrán, àkísà tó fi ń nù ún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lò ń kí?"

Kíkẹ́lọmọ ta gìrì. "Ọmọ ọkọ mi ni, Bọ̀dá Gbádé. Ọmọ tí mo bá nílé ọkọ, àgbà ló jẹ́ fún mi. Mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, ni mo ṣe sọ ọ́ ní Adúmáadán."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ní lọ́jọ́ tó bá wù yín, ẹ ó sọ fún mi." Ó ń ká àkísà náà mọ́wọ́. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́, kí n lè mọ orúkọ tí mò ń sá fún?"

Gbádégẹṣin kò mọ orúkọ náà. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

"Níbo lo ti rí i?"

Kíkẹ́lọmọ wò ó bí ẹni pé àwàdà ló ń ṣe. Ó wá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ààrò, níbi tí bèbí onígi kan wà, irú èyí tó kún gbogbo ilé lọ́hùn-ún, tí Gbádégẹṣin sì ti fojú fò dá láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n bèbí onígi kì í ká ẹsẹ̀ kò. Bèbí kì í mu ìka. Ọmọ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ pupa ló jókòó síbẹ̀, irun rẹ̀ ṣù, etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí etí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Kò wo àwọn tó ń mu tíì. Ọ̀ọ́kán gan-an ló tẹjú mọ́, síbi tí ẹni tó bá ń wo àwòrán máa ń dúró sí.